Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí òdòdó orí tábìlì ayẹyẹ wa ti ọgbà wa wá

Ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Atakpamé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì ti dá kí àlejò tó jókòó. Lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni ìgò funfun kan wà, òdòdó róòsì pupa márùn-ún sì wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí, tó wá láti abúlé kan lápá Anié, fa ìgò náà mọ́ra, ó gbé òdòdó kan sí imú, ó sì sín. Ó ní, "Ọmọ mi, eruku ni." Gbogbo àwa tí a yí tábìlì náà ká rẹ́rìn-ín. Ike ni gbogbo rẹ̀, àtòdòdó, àtewé, títí kan ìrì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo jáde láti gba atẹ́gùn, mo rí ohun tó wà lẹ́yìn ilé ayẹyẹ náà. Bougainvillea, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ àlùkò yẹn, ti gun ògiri dé òkè. Ìdò pupa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Nínú ebè ẹ̀fọ́ onílé, ṣọkọ tí wọn kò tètè ká ti yọ orí, ó ṣe ṣóńṣó, ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀ lẹ́nu, omi òjò ṣì ń kán lára rẹ̀. Gbogbo èyí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí tábìlì tí ìyá àgbà ti ń sín.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lágbègbè wa lónìí, a ti dojú òwe yìí dé. Òde la ti ń ra ẹ̀ṣọ́ wálé, ẹ̀ṣọ́ tí kò ní òórùn, tí oyin kì í bà lé, tí ọmọ wa kankan kì í sì í rí nǹkan gidi gbà nínú owó rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le. Òdòdó àti ewé tí a nílò fún ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìdúpẹ́, ìsìnkú àti ọdún wa wà nílẹ̀ níbí. Ọwọ́ tó lè tò ó wà níbí pẹ̀lú. Ohun tó kù ni kí a gbà pé iṣẹ́ ni, kí a sì máa san owó rẹ̀.

Níbo ni owó náà ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká tọpasẹ̀ òdòdó ike kan. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣe é, pàápàá jù lọ ní Ṣáínà. Ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé èbúté Lomé, oníṣòwò ńlá á rà á, oníṣòwò kékeré á rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ á sì tún gbé e rin nǹkan bí 160 kìlómítà kó tó dé Atakpamé. Olúkúlùkù tó fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà ló ti jẹ èrè tirẹ̀. Mi ò bá wọn jà, òwò ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ìyàwó bá san owó òdòdó, kò sí ohun tó kan àgbẹ̀ tó wà ní Datcha tàbí ní Glei nínú owó yẹn. Ẹnu ọ̀nà tí owó bá wọlé ló tún ń gbà jáde.

Ike náà kì í sì í tọ́ tó bí a ṣe rò. Oòrùn wa á bó àwọ̀ rẹ̀, eruku ọyẹ́ á wọ inú ìṣẹ́po ewé rẹ̀, ìyẹn kò sì rọrùn láti fọ̀. Bó bá yá, á di ìdọ̀tí. Ìlú orí òkè ni Atakpamé. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ohun tí a bá dà sílẹ̀ lókè ni àgbàrá ń wọ́ lọ sísàlẹ̀, sínú gọ́tà, sínú odò. Ẹni tó bá sì ní kí òun dáná sun ún, èéfín dúdú tó ń ta imú ni àwọn ọmọ agbo ilé náà á máa fà símú. Òdòdó tútù kò ní wàhálà yìí. Bó bá rọ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ó dà á sí, á di ajílẹ̀.

Ṣé òdòdó jẹ́ àṣà wa?

Nígbà tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé òdòdó orí tábìlì kì í ṣe ti Yorùbá, pé òyìnbó ló kó o dé. Lóòótọ́, àwọn baba ńlá wa kì í gé òdòdó sínú ìgò kí wọ́n tó jẹun. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé wọn kò fi ewé ṣe ẹ̀yẹ? Bí wọ́n bá fi ènìyàn joyè, ewé akòko ni wọ́n ń fi lé e lórí. Màrìwò ọ̀pẹ ni wọ́n ń ta sí ẹnu ọ̀nà ibi mímọ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ojúbọ àti sí ààlà ilẹ̀. Ewé ń sọ̀rọ̀ láàrin wa, ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ ló ń yé.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kó màrìwò àti akòko lọ sórí tábìlì ọtí. Ewé tó ní iṣẹ́ mímọ́ ní ipò tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì dá lójú, kó bi àgbà léèrè kó tó gé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú wa ti mọ ẹwà ewé tipẹ́tipẹ́. Àwọn ará Ifẹ̀ ti Atakpamé, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun wọn. Ìmọ̀ ewé wà lára ohun tí àwọn baba wọn gbé dání wá. Tí a bá wá to ewé àti òdòdó sórí tábìlì lónìí, a kò ya àṣà kankan lò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ti mọ̀ la tún ń ṣe lọ́nà mìíràn.

Ẹ tún wo ọdún iṣu wa, Odon-Itsu. Ẹnikẹ́ni kì í ra iṣu ike wá síbi ọdún yìí. Iṣu tuntun tí ilẹ̀ wa mú jáde la fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé lórí tábìlì tí àwọn àlejò ti ń jẹ iṣu yẹn, òdòdó tí ilẹ̀ kankan kò hù la tò sí iwájú wọn?

Òdòdó inú ebè ẹ̀fọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin ìyá wa ẹlẹ́fọ̀ọ́ rèé. Ẹ mọ̀ pé ṣọkọ tó bá ti yọ orí kì í tà mọ́. Ẹ máa ń fà á tu, tàbí kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún irúgbìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yà èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ìdílé ṣọkọ yìí kan náà ni wọ́n ń tà ní ìsọ̀ òdòdó ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, celosia ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan rí bí ogbe àkùkọ, àwọn mìíràn rí bí ahọ́n iná. Ó ní pupa, ó ní yẹ́lò, ó ní àwọ̀ osùn, ó sì máa ń di àwọ̀ rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́ bí ó bá tilẹ̀ gbẹ. Tẹ̀tẹ̀ náà ní ìbátan kan tí orí rẹ̀ pupa, tó ń rọ̀ sílẹ̀ bí ìrù ẹṣin. Oúnjẹ ni tẹ̀tẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ṣọ́ ni ìbátan rẹ̀ yìí lọ́dọ̀ wọn. Iṣápá pupa tí a fi ń ṣe bissap ńkọ́? Ẹ ki ẹ̀ka rẹ̀ tó ti so bọ inú ìkòkò amọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá róòsì ike kankan lè bá a du ẹwà.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Constance Spry. Wọ́n bí i ní ọdún 1886, ó sì kú ní 1960. Ní àsìkò tí àwọn olówó ibẹ̀ rò pé òdòdó olówó ńlá nìkan ló yẹ tábìlì wọn, obìnrin yìí ń lo ewé ẹ̀fọ́, èso igbó, ẹ̀ka igi etí ọ̀nà àti koríko. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé ní ọdún 1953, òun ni wọ́n pè láti bójú tó òdòdó ayẹyẹ náà. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò yẹ ààfin. Bí ewé ẹ̀fọ́ bá lè bá àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù jókòó, ṣọkọ wa lè bá ìyàwó Atakpamé jókòó.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó wà nínú òdòdó, ẹ wo ibi méjì. Ní Kẹ́ńyà, létí adágún Naivasha, wọ́n ń gbin róòsì, ọkọ̀ òfuurufú ń gbé e lọ sí Yúróòpù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ńlá, ó gba owó àti omi tó pọ̀, mi ò sọ pé kí a fara wé e. Èyí tó jọ tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti Íńdíà. Níbẹ̀, àgbẹ̀ kékeré ń gbin òdòdó marigold aláwọ̀ ọsàn sí oko tirẹ̀. Obìnrin ń fi okùn sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọjà ìlú wọn gan-an ni wọ́n ti ń tà á, fún ìgbéyàwó àti fún ìjọsìn. Wọn kò dúró de òyìnbó kó wá rà á. Àwọn ará ilé wọn ni oníbàárà wọn. Marigold yìí kan náà ń hù dáadáa lágbègbè wa.

Oṣù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀

Àwọn tó ń wo fídíò lórí fóònù máa ń sọ fún mi pé òdòdó ìgbà ooru ni àwọn fẹ́. Ooru àwọn ará Yúróòpù, oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, òjò ni lọ́dọ̀ wa. Èyí dára fún wa. Láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án, ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lomé àti ní òkè òkun ń wálé, ìgbéyàwó pọ̀, iṣu tuntun ń dé, gbogbo ohun tó ní gbòǹgbò sì ń yọ òdòdó. Ìgbà yìí ni ìdò, ṣọkọ, marigold, hibiscus àti ewé croton aláràbarà máa ń dán jù lọ.

Ìgbà mìíràn kò sì ṣófo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, flamboyant máa ń pọ́n bí iná. Òdòdó rẹ̀ kì í pẹ́ nínú omi, ṣùgbọ́n bí a bá fọ́n ọn sórí aṣọ tábìlì funfun ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àlejò tó wọlé, ó tó. Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, tí àwọn ìdílé Kátólíìkì ń lọ sí ibojì àwọn òkú wọn, orí koríko gíga ti yọ, iṣápá náà sì ti ń pọ́n. Lẹ́yìn náà ni òwú á là. Àgbègbè òwú la wà. Atakpamé ni olú ilé iṣẹ́ NSCT, ilé iṣẹ́ òwú orílẹ̀-èdè wa, wà. Ẹ̀ka òwú gbígbẹ tó ṣì ní òwú funfun lórí jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi owó gidi rà fún ẹ̀ṣọ́ ilé lókè òkun. Lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn ìkórè, a ń fa igi rẹ̀ tu, a ń dáná sun ún. Ẹni tó bá bẹ àgbẹ̀ kó fi ogún ẹ̀ka sílẹ̀ fún òun kó sì san owó rẹ̀ ti ní ẹ̀ṣọ́ tábìlì fún gbogbo ayẹyẹ oṣù Kejìlá. Fi orí ọkà bàbà díẹ̀ tì í, ọyẹ́ kò lè ba á jẹ́.

Bí a ṣe ń tò ó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún òdòdó tútù ni pé ó máa ń rọ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gé e, kí oòrùn tó ràn, tàbí ìrọ̀lẹ́. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ lò, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kó lè rí omi mu. Ẹ gbé korobá omi dání lọ sí ọgbà, kí òdòdó bọ́ sínú omi lójú ẹsẹ̀. Ẹ já gbogbo ewé tí yóò wà nísàlẹ̀ omi kúrò, torí ewé tó bá jẹrà nínú omi ló ń pa òdòdó. Ẹ gbé korobá náà sí ibòji fún wákàtí mélòó kan, tàbí kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tó tò ó. Bí ayẹyẹ bá ju ọjọ́ kan lọ, ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Ẹ gbọn èèrà kúrò lára rẹ̀ dáadáa. Hibiscus kì í ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ gé e, kí ẹ sì jẹ́ kó léfòó nínú àwo omi.

Ohun tí a ó tò ó sí kò gbọ́dọ̀ dá yín lágara. Igbá wà. Ẹ gbé agolo kékeré tó ní omi sínú igbá, kí omi má bà á jẹ́. Ìkòkò amọ̀ wà. Agolo tòmátì wà, bí a bá wé e ní àjákù aṣọ. Ìlú ahunṣọ ni Atakpamé, wọ́n mọ kente wa káàkiri. Ẹ̀já aṣọ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ ahunṣọ tó láti fi wé agolo, kí àlejò sì mọ̀ lójú kan náà pé ìlú wo ni òun wà. Ẹ da iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí atẹ́gùn má bì í ṣubú.

Ní ti títò, ohun mẹ́ta ló tó fún tábìlì kan: ohun kan tó ga, bí ṣọkọ tàbí ìdò, ohun kan tó kún, bí marigold, àti ewé tó rọ̀ sílẹ̀ létí igbá. Ẹ má kó gbogbo ọgbà sínú igbá kan. Kí ẹ tó gbà pé ó ti parí, ẹ jókòó, kí ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, kí ẹ di ìkúùkù. Ohun tí ẹ tò kò gbọ́dọ̀ ga ju ìkúùkù yẹn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni méjì tó kojú síra wọn kò ní rí ojú ara wọn bá sọ̀rọ̀. Àwọn àtòpọ̀ gíga, ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti iwájú ìjókòó ìyàwó ni ipò wọn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Kì í ṣe gbogbo ohun tó lẹ́wà ló yẹ kó sún mọ́ oúnjẹ. Laurier-rose tó pọ̀ ní àgbàlá àwọn ilé ńlá ní májèlé, àtewé àtòdòdó. Ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ alámì funfun tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò, èyí tí oje rẹ̀ ń jó ẹnu, kò yẹ níbi tí ọmọdé wà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níta. Ẹ má sì gé òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn kòkòrò sí. Ògiri aládùúgbò pẹ̀lú, ẹ tọrọ kí ẹ tó gé.

Owó iṣẹ́

Mo ti dé ibi tó ń dùn mí. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní ìlú wa. Ó ní ojú fún àwọ̀, ó ní ọwọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìdílé kan bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn tò tábìlì ìgbéyàwó wọn. Ó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ó rìn káàkiri àgbàlá mẹ́ta, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò tábìlì ogún. Gbogbo àlejò ló ń ya fọ́tò. Nígbà tí ayẹyẹ parí, wọ́n fún un ní abọ́ ìrẹsì kan àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ní, "Kú iṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún ọ." Ìdílé kan náà ti san owó àga, owó àgọ́, owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sí ẹni tó bẹ àwọn yẹn pé kí Ọlọ́run san án. Ọmọbìnrin náà kò tò òdòdó fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà yẹn.

Kí ló fà á tí àga ike fi ní owó, tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò fi ní? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé a rò pé ohun tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àti pé iṣẹ́ obìnrin nínú ilé kò ní iye. Ilẹ̀ ló bí iṣu náà, síbẹ̀ a ń rà á. Omi náà ti ojú ọ̀run wá, síbẹ̀ a ń san owó ẹni tó pọn ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní tábìlì 20 ni, ká sì ní ìdílé gbà láti san 1,500 fáráńkì sẹ́fà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ó di 30,000. Ká ní ọmọbìnrin náà san 5,000 fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti àwọn tó ní ọgbà òdòdó, ó san 2,000 fún zémidjan, ó san 3,000 fún ọmọ ilé ìwé tó bá a gbé omi. 20,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, láàrin ọjọ́ méjì. Gbogbo owó náà ló ṣì wà ní Atakpamé ní alẹ́ ọjọ́ náà, lọ́wọ́ ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá láàrin oṣù Keje sí Kẹsàn-án, owó ilé ìwé ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó wọlé.

Mo mọ àtakò tó máa wáyé. Wọ́n á ní òdòdó ike ṣeé lò léraléra. Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì ti ní i nílé, kó lò ó títí yóò fi gbó, mi ò ní kó dà á nù lónìí. Wọ́n á ní òdòdó tútù lè kùnà ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ó lè kùnà lóòótọ́, bí ẹni tó tò ó kò bá mọ iṣẹ́. Ọbẹ̀ náà lè kùnà, ìdí tí a fi ń pe alásè tó mọ̀ ọ́n sè nìyẹn. Wọ́n á tún béèrè pé kí ni àwọn tó ń yáni ní ẹ̀ṣọ́ ike yóò máa jẹ. Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, torí ará wa ni wọ́n, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò fẹ́ kí a lé wọn lọ́jà. Wọ́n ti ní oníbàárà, wọ́n ti ní aṣọ tábìlì àti àga. Kí wọ́n fi òdòdó tútù kún un, kí wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n tò síṣẹ́. Àwọn gan-an ló yẹ kó jẹ èrè rẹ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń múra ayẹyẹ ní àsìkò òjò yìí, ẹ fi owó òdòdó sínú ìṣirò yín bí ẹ ṣe ń fi owó ìrẹsì sí i, kí ẹ sì dá iye rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó máa tò ó kó tó gbé ọ̀bẹ. Ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ fi ebè kan sílẹ̀ kí ṣọkọ rẹ̀ yọ orí, kí ẹ sì gbin marigold sí etí rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọ àti mọ́ṣáláṣí tó ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ẹ gbin òdòdó sí àgbàlá yín, ẹ máa tà á fún àwọn tó ń yá gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jókòó sílé láti ìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ti ọmọbìnrin aránṣọ yẹn, mo padà bá a sọ̀rọ̀ kí n tó kọ èyí. Mo bi í bóyá ó lè tún tò òdòdó bí ẹnìkan bá san owó rẹ̀. Kò dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń rán aṣọ lọ, ó gé òwú, ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, tábìlì mélòó ni?"